Òṣùwọ̀n tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ṣúgà

Ọ̀pọ̀ ilé alátọ̀gbẹ ní Àkúrẹ́ níbí ló ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ó lè wà lórí fíríìjì, ó lè wà nísàlẹ̀ àpò, strip rẹ̀ sì lè ti tán láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun tí kì í sí níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí èèyàn ń dúró lé láti mọ bí ara òun ṣe wúwo tó. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kíníìkì tí a ti ń rí àwọn alátọ̀gbẹ ni mo wà, ibẹ̀ náà la sì ti ń rí àwọn tí ọkàn wọn ti ń rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé bí ọkàn alátọ̀gbẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, omi ló ń gbé e dé ọsibítù ju ṣúgà lọ, òṣùwọ̀n yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ń bọ̀.

Heart failure ni dókítà ń kọ sínú fáìlì. Bí ẹnì kan bá lọ túmọ̀ rẹ̀ fún aláìsàn pé ọkàn rẹ̀ ti kú, ẹ̀rù á bà á débi tí kò fi ní gbọ́ ohun tó kù. Ọkàn ò kú. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, àmọ́ agbára tó fi ń tì í kò tó mọ́, tàbí kẹ̀, ara rẹ̀ ti le débi pé kì í gba ẹ̀jẹ̀ tó sínú kó tó tì í jáde. Àyẹ̀wò echo, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ EF sí nínú ìwé echo: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìyàrá òsì ọkàn ló ń jáde nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 40 sí ìsàlẹ̀, ọkàn náà ti dẹ̀, agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ kò tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ 50 sókè, tí àmì àìsàn sì wà, líle ló le. 41 sí 49 wà láàárín. Ẹ ṣe fọ́tò ìwé náà sínú fóònù yín, torí gbogbo dókítà tí ẹ bá bá pàdé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa béèrè iye yẹn, oògùn sì máa ń yàtọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi ń ba alátọ̀gbẹ jà tó bẹ́ẹ̀? Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ máa ń dí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn, á sì sọ ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ di líle. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó sábà máa ń bá a rìn á máa fi ẹrù kún un. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń fa àìsàn yìí jù lọ. Kíndìnrín tí ṣúgà ti bà jẹ́ á wá máa di iyọ̀ àti omi mú. Nínú ìwádìí Framingham ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1974, ewu àìsàn ọkàn yìí ju ìlọ́po méjì lọ lára ọkùnrin alátọ̀gbẹ, ó sì tó ìlọ́po márùn-ún lára obìnrin. Mo máa ń tẹnu mọ́ ti obìnrin yìí, nítorí àwọn ìyá ló máa ń sọ pé ọjà ló rẹ àwọn.

Àmì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn la máa ń fún un. Mímí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí. Ikọ́ tó ń yọ èèyàn lẹ́nu lóru ni wọ́n ń pè ní òtútù. Ikùn tó kún, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, wọ́n á ní ulcer ni. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n rọrùn: ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn báyìí, mélòó lẹ fi ń sùn ní ọdún tó kọjá? Ẹni tó ti ń fi ọ̀kan sùn tó wá di mẹ́ta, tàbí tó ń jí lójijì lóru láti jókòó kó lè mí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń gba omi. Ṣé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ti di ohun tí ẹ ń sinmi lé lágbede méjì? (Kì í ṣe ti òkè Ìdànrè o. Ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lásán ni mò ń sọ.) Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò sì tètè padà, omi wà níbẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ṣini lọ́nà lára alátọ̀gbẹ. Àkọ́kọ́ ni pé àtọ̀gbẹ máa ń pa iṣan ìmọ̀lára, nítorí náà ọkàn lè máa pariwo kí àyà má dùn ún rárá. Àárẹ̀ òjijì, òógùn tútù tàbí mímí tó le lásán lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ máa rí. Ìkejì ni ẹsẹ̀ tó ń wú nítorí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn èèyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Wíwú ti amlodipine kì í mú èèyàn mí hẹ̀lẹ̀, kì í sì í fi ìwọ̀n ara lé lójijì. Lasix, oògùn tó ń fa omi jáde nínú ara, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹ má kàn jókòó sílé kí ẹ máa méfò èyí tó jẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a ṣe ń lo òṣùwọ̀n náà rèé. Òwúrọ̀ ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán, kí ohunkóhun tó kan ẹnu. Aṣọ tí ẹ fi sùn ni kí ẹ wọ̀ gun orí rẹ̀. Orí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni kó wà, torí irọ́ ló máa pa lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí ẹ ń kọ ṣúgà sí náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ní ìlà kan náà, kí ojú lè máa rí méjèèjì pa pọ̀. Bí ó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, omi ni. Ọ̀rá kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fún aláìsàn wọn láṣẹ láti fi Lasix kún un fún ọjọ́ mélòó kan bí wọ́n bá rí irú èyí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ náà sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le: hóró mélòó, fún ọjọ́ mélòó, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò nílé wá. Ẹ béèrè fún ìwọ̀n tí ara yín wà lọ́jọ́ tí ẹ kúrò ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú, nígbà tí omi ti fà tán. Iye yẹn ni ẹ ó máa fi wé èyí tí ẹ bá rí nílé.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀ tí kì í sí nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín. Alátọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ ga máa ń rù. Ẹran ara ń lọ, omi ń bọ̀, òṣùwọ̀n á sì dúró sójú kan bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ lójú kan náà tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀. Bí apá bá ń rù, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí iye kò yí padà, ẹ má gba ohun tí òṣùwọ̀n sọ.

Lórí Lasix, àkókò ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òwúrọ̀ la máa ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ìkejì má kọjá nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ìtọ̀ lẹ ó sùn sí. Àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba tàbí Ìṣìnkàn máa ń fò ó nítorí wọn kò rí ibi tó bójú mu tọ̀ sí. Ẹni tó ń lọ sí Èkó máa ń fò ó nítorí ọkọ̀ kì í dúró. Mi ò bá wọn jà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lò ó nígbà tí wọ́n bá dé, ní ọ̀sán, dípò kí ọjọ́ náà lọ láìlò ó. Fífò ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n Lasix kò sí lára àwọn oògùn tó ń fi ẹ̀mí gùn. Ó ń fa omi, ó ń jẹ́ kí èèyàn mí, iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Fún ọkàn tó ti dẹ̀, ìdílé oògùn mẹ́rin ló ń jẹ́ kí ẹ̀mí gùn, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì ń fẹ́ pa pọ̀ bí ara bá gbà á.

Ìdílé kan ni ti lisinopril, ramipril àti losartan. Lisinopril máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.5 tàbí 5 mg, a ó sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ sí 20 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀, a lè fi losartan rọ́pò rẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ìyẹn ju ikọ́ lọ: ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má sì tún fi irú rẹ̀ kan ẹnu láyé. Àwa adúláwọ̀ ló ń ṣe jù. Sacubitril pẹ̀lú valsartan, hóró tó dára ju àwọn yìí lọ ṣùgbọ́n tó wọ́n, kò gbọ́dọ̀ pàdé lisinopril nínú ara. Wákàtí 36 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tí ètè rẹ̀ ti wú rí kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Èkejì ni bisoprolol tàbí carvedilol. Bisoprolol ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.25 mg lójúmọ́, ó ń lọ sí 10. Carvedilol láti 3.125 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń lọ sí 25 lẹ́ẹ̀mejì. A kì í sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí omi bá ṣì kún ara, a kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Omi la kọ́kọ́ ń fà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń mú ara wúwo, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú nù, wọ́n á ní oògùn yìí kò bá àwọn lára mu. Dídá a dúró lójijì léwu ju àárẹ̀ náà lọ. Atenolol tó wà nílé láti ìgbà pípẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé kan náà ni wọ́n. Òun kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tó fi hàn pé ó wúlò fún ọkàn tó dẹ̀. Bí kẹ́mísì bá ní hóró bisoprolol 5 mg nìkan, gígé e sí mẹ́rin pẹ̀lú bíléèdì kì í dọ́gba. Ẹ wá 2.5 mg kí ẹ gé e sí méjì.

Ẹ̀kẹta ni spironolactone, 12.5 tàbí 25 mg láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun àti lisinopril jọ máa ń fi potáṣíọ̀mù lé nínú ẹ̀jẹ̀ ni, potáṣíọ̀mù tó pọ̀ jù sì lè dá ọkàn dúró láìsí ìkìlọ̀ kankan. Kíndìnrín alátọ̀gbẹ kì í sì í tètè tì í jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí potáṣíọ̀mù bá kọjá 5.5, a máa ń dín in kù sí ìdajì. Bí ó bá kọjá 6.0, a ó dá a dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé sódíọ̀mù rẹ̀, ìyẹn èròjà inú iyọ̀, kéré, potáṣíọ̀mù ni wọ́n sábà fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó wà lórí oògùn méjèèjì yìí kò gbọ́dọ̀ rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi àgbọn tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín. Ọkùnrin tí ọmú rẹ̀ bá ń wú tàbí tó ń dùn ún, kó má tijú, kó sọ. Oògùn náà ló ń ṣe é, a sì lè yí i padà.

Ẹ̀kẹrin ni dapagliflozin tàbí empagliflozin, 10 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kò sí gbígbé sókè. Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ àti ọkàn ti pàdé. Oògùn ṣúgà ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ìwádìí EMPA-REG OUTCOME jáde ní 2015, ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá kò ní ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ohun tí wọ́n bá ni pé gbígbé tí wọ́n ń gbé alátọ̀gbẹ wọ ọsibítù nítorí ọkàn tó rẹ̀ dín kù ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. DAPA-HF ní 2019 fi hàn pé ó ràn án lọ́wọ́ fún ọkàn tó dẹ̀, kódà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. EMPEROR-Preserved ní 2021 àti DELIVER ní 2022 sì fi hàn pé ó wúlò fún ọkàn tó le, èyí tí ọ̀pọ̀ oògùn ti kùnà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn tí kíndìnrín máa ń gbà dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà á bá ìtọ̀ lọ, iyọ̀ àti omi díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ yín wò, ṣúgà máa kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ má ṣe fòyà, ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kó má lọ fi oògùn mìíràn kún un. Ṣúgà inú ìtọ̀ yìí náà ló ń jẹ́ kí ojú ara máa yúnni, pàápàá ti obìnrin. Fífi omi fọ̀ ọ́ kí a sì nù ún gbẹ lẹ́yìn ìtọ̀ ń ràn án lọ́wọ́, oògùn rẹ̀ sì wà. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí wọ́n dá oògùn ọkàn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá wú, tó ń dùn gan-an, tí ibà sì bá a rìn, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni.

Ààwẹ̀ ni ibi tó ti ń bàjẹ́ jù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àwọn Mùsùlùmí ní ti Ramadan. Ẹni tó ń lo oògùn yìí, tó wá ń gba ààwẹ̀ láìmu omi, ṣúgà ń jáde nínú ìtọ̀, oúnjẹ kò wọlé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá, ásíìdì á sì kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ṣúgà lè má fi nǹkan kan hàn. Ó lè ka 180 tàbí 200 mg/dl, kí ásíìdì sì ti ń pa ẹni náà lọ. Èébì, inú rírun àti mímí jíjinlẹ̀ tó yára ni àmì rẹ̀. Ẹ tún wo bí mímí ṣe máa tan yín jẹ: ẹ ó rò pé ọkàn ló tún dé, ẹ ó fi Lasix kún un, omi tó kù nínú ara á sì tún lọ. Bí ẹni tó wà lórí dapagliflozin bá ń mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀ tàbí lẹ́yìn èébì, tí ẹsẹ̀ kò wú, tí ìwọ̀n ara ń lọ sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn ní ọsibítù pé kí wọ́n yẹ ketone, ìyẹn ásíìdì náà, wò.

Òfin tí mo ń kọ sí ẹ̀yìn ìwé wọn kò gùn: ọjọ́ tí ẹ bá ń bì, tí ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí ẹ kò lè jẹun, ẹ dá dapagliflozin àti metformin dúró, ẹ pe dókítà lórí lisinopril, spironolactone àti Lasix, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà nígbà tí ẹ bá ti ń jẹun dáadáa fún wákàtí 24 sí 48. Bí iṣẹ́ abẹ bá wà níwájú, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ẹ ó ti dá dapagliflozin dúró. Insulin ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dá dúró pátápátá. Ẹ lè dín in kù bí dókítà ṣe sọ. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀, kó wá sọ kó tó bẹ̀rẹ̀. A kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi pamọ́ fún wa, a kò lè ràn án lọ́wọ́.

Nínú àwọn oògùn ṣúgà yòókù, pioglitazone ni mo kórìíra jù lára aláìsàn ọkàn. Ó ń dín ṣúgà kù dáadáa, àmọ́ ó ń di omi mú. Ewu rẹ̀ ni pé ó máa ń sá pamọ́ sínú hóró tó kó oògùn mẹ́ta pọ̀, pẹ̀lú glimepiride àti metformin. Orúkọ ńlá tó wà lójú páálí kì í sọ ọ́. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Saxagliptin náà kò dára: ìwádìí SAVOR-TIMI 53 ní 2013 fi hàn pé ó fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún kún gbígbé wọ ọsibítù nítorí ọkàn tó rẹ̀. Sitagliptin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Metformin ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láìnídìí. Kò sóhun tó ní kí aláìsàn ọkàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ má lò ó, bí iṣẹ́ kíndìnrín, èyí tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní eGFR, kò bá tíì lọ sísàlẹ̀ 30. Láàárín 30 sí 45, a máa ń dín in kù sí ìdajì.

Daonil, ìyẹn glibenclamide, ló ń mú kí ṣúgà já lulẹ̀ jù lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò le. Ẹni tó wà lórí bisoprolol tàbí carvedilol lè má mọ̀ ọ́n, torí oògùn ọkàn náà ń pa àyà tó ń já àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ́lẹ̀. Òógùn nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Alátọ̀gbẹ tó bá ń làágùn láìsí ooru, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ kí ẹ tó gbàdúrà lé e lórí. A kì í sì í fi ipá fa ṣúgà sílẹ̀ jù lára wọn. Ní 2008 ni wọ́n dá apá kan ìwádìí ACCORD dúró, torí ikú pọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n ń lé HbA1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe wà láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, lọ sísàlẹ̀ 6. Láàárín 7 sí 8 dára fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èmi ò rí ohun tó ń da iṣẹ́ wa rú tó oògùn ìrora. Orúnkún ń dun ìyá, ó ra diclofenac, ibuprofen tàbí Feldene ní kẹ́mísì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹsẹ̀ ti wú, kílò 3 ti lé. Àwọn oògùn yìí ń jẹ́ kí kíndìnrín di iyọ̀ mú, wọ́n ń pa agbára Lasix, bí wọ́n bá sì pàdé lisinopril àti Lasix nínú ara kan, kíndìnrín lè dákẹ́. Paracetamol ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń hó nínú omi o. Sódíọ̀mù wà nínú ohun tó ń mú un hó. Andrews àti ENO, ọ̀kan náà ni. Àgbo aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbé káàkiri ní gáréèjì, tí ọtí wà nínú rẹ̀, kò yẹ ọkàn tó ti dẹ̀. Àgúnmu tí wọ́n ń tà fún làkúrègbé tó bá ń mú ara yá láàárín ọjọ́ kan, tí ojú ń wú rọ̀bọ̀tọ̀, tí ṣúgà ń fò sókè, ẹ fura pé wọ́n ti lọ oògùn bíi dexamethasone mọ́ ọn.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyọ̀ tó wà nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ nù lórí, ti mágì sì wà nínú rẹ̀, torí iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára páálí rẹ̀. Irú oníyọ̀, ẹja gbígbẹ oníyọ̀, indomie, gbogbo wọn ń kà. Káún tí ẹ ń fi sínú ewédú tàbí ẹ̀wà, sódíọ̀mù ni òun náà, bí kò tilẹ̀ dun bí iyọ̀. Iyán? Mi ò ní sọ fún ará Oǹdó pé kó má jẹ iyán mọ́. Ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ jù ú lọ, ọbẹ̀ tí kò kún fún mágì. Bí dókítà bá ní kí ẹ dín omi kù sí lítà kan ààbọ̀, pure water oní-50 cl mẹ́ta ni fún gbogbo ọjọ́, omi inú ògì àti ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn tí ṣúgà wọn ga ni èyí máa ń nira fún jù, torí òùngbẹ kì í fi wọ́n sílẹ̀; ṣúgà yẹn la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú wálẹ̀ kí a tó bá wọn wí lórí omi.

Gbogbo oògùn yìí kò rọrùn láti rà. Mo mọ̀ pé káàdì kọ̀ọ̀kan làwọn mìíràn ń rà. Bí owó kò bá tó, ẹ má ṣe yan fúnra yín èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀, torí Lasix tí ara ń mọ̀ lára ni wọ́n máa ń rà, wọn á fi bisoprolol sílẹ̀. Ẹ bi wá. Lisinopril, spironolactone àti carvedilol wà ní èyí tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ sì máa kó gbogbo oògùn inú ilé, títí kan èyí tí aládùúgbò fún yín, sínú àpò ọ̀rá kan wá sí kíníìkì. Ohun tí mo ń rí nínú àpò yẹn kì í sábà bá ohun tó wà nínú fáìlì mu.

Bí mímí bá wá le lóru, tí ẹni náà kò lè dùbúlẹ̀, tàbí tó ń wúkọ́ tí ìfófòó tó pọ́n díẹ̀ ń jáde, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ kíákíá. Ẹ gbé e jókòó nàró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú ọkọ̀, ìjókòó iwájú ni, kí wíńdò ṣí, ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja sẹ́yìn, torí ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ń da omi padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ mú àpò oògùn dání, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ ti ń kọ ṣúgà àti kílò sí. Ojú ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣí.